Ṣé ohun tí wọ́n ní ká ṣe nígbà kòrónà ṣiṣẹ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìbàdàn

Láti ìgbà tí kòrónà ti dé ni àwọn ará ilé, ará àdúgbò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà: gbogbo ohun tí wọ́n ní ká ṣe yẹn, ṣé ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́? Iṣẹ́ ìlera àwùjọ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Lọ́dún 2020 mo wà lára àwọn tó ń pe aláìsàn lórí fóònù láti béèrè àwọn tí wọ́n ti bá pàdé. Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń pọ̀ jù jọ síbí. Àwọn kan gba àlàyé gígùn, àwọn mìíràn kò gbà ju gbólóhùn díẹ̀ lọ.

Kí ló wà nínú wíwọ̀n ìlànà? Ṣebí bí àrùn bá ti lọ sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ẹ wo ẹni tí ibà ń ṣe, tó mu àgbo fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ karùn-ún. Ṣé àgbo ló wò ó sàn, àbí ibà náà ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀? Ẹni yẹn nìkan kò lè jẹ́ ká mọ̀. A nílò ẹlòmíràn tó jọ ọ́, tí irú ibà bẹ́ẹ̀ ṣe, tí kò fẹnu kan àgbo rárá.

Bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe rí náà nìyẹn. Kò sí Nàìjíríà kejì tí wọn ò ti ọjà àti ilé-ìwé rẹ̀ pa ní oṣù Kẹta 2020, tí a ó wá gbé tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo làálàá àwa tí à ń wọn ìlànà ni láti wá ohun tó lè dúró fún Nàìjíríà kejì yẹn. Nígbà mìíràn a ó mú ìpínlẹ̀ tó ṣe òfin kan àti èyí tí kò ṣe é. Nígbà mìíràn a ó wo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òfin àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó dára jù ni kí á ṣẹ́ gègé: kí gègé sọ abúlé tí yóò kọ́kọ́ gba ìrànwọ́ àti èyí tí yóò dúró, kí á tó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní méjèèjì.

Àkókò náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó kó kòrónà lónìí, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Ó lè tún lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣe àyẹ̀wò, kí èsì tó jáde. Bí yóò bá kú, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kò lè hàn nínú iye aláìsàn ọjọ́rú. Mo rántí àwọn tó ń pè mí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2020 pé, "A ti jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, iye yìí ṣì ń gòkè, kò ṣiṣẹ́." Àwọn tí wọ́n ń kà nígbà yẹn ti kó o kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sílé.

Iye aláìsàn tí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, máa ń kéde ní alaalẹ́ nígbà náà, ṣé a kò lè fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n?

Ó wúlò, àmọ́ àwọn tí a yẹ̀ wò nìkan ló ń kà. Ẹni tó ṣàìsàn ní Ọ̀jẹ́, tó fi lẹ́mọ́ọ̀nù àti atalẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀, tí kò dé pápá ìṣeré Adámásingbà níbi tí wọ́n ti ń gba àpẹẹrẹ imú àti ọ̀fun, kò sí nínú iye yẹn. Ọjọ́ tí ohun èlò àyẹ̀wò bá wọ́n, iye yóò wálẹ̀, àrùn kò sì dín rárá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí èyí ni ìwádìí ẹ̀jẹ̀ tí NCDC àti NIMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba, ṣe ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá 2020. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo àmì pé ara ẹni náà ti bá kòrónà jà rí. Ní Èkó àti Enugu, ìdá 23 nínú 100 ló ní àmì yẹn. Ní Nasarawa ó jẹ́ 19, ní Gombe ó jẹ́ 9. Ẹ wá ronú: ìdá 23 nínú 100 ní Èkó nìkan yóò jẹ́ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kẹwàá yẹn fi parí, gbogbo Nàìjíríà kò tíì ka 65,000 aláìsàn.

Torí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi iye aláìsàn tí wọ́n kéde ṣe ẹ̀rí pé òfin kan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, mo máa ń béèrè pé àyẹ̀wò mélòó ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá yẹ 100 ènìyàn wò tí 5 ní in, tí a tún yẹ 100 wò lọ́sẹ̀ kejì tí 20 ní in, àrùn ń ràn nìyẹn, bí iye tí wọ́n kà bá tiẹ̀ kéré. Èyí tí mo fọkàn tán ju ìyẹn lọ ni iye àwọn tó wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń há kò ní jókòó sílé títí.

Ìbàdàn kò ṣe kónílé-ó-gbélé bíi ti Èkó, a kò sì kú. Ṣé ìyẹn kò fi hàn pé òfin yẹn kò wúlò?

Ìbéèrè yìí ló máa ń fa àríyànjiyàn jù ní ibi ìsìnkú àti ìgbéyàwó tí mo bá lọ. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà wa yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má rìn láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Lọ́sàn-án, èèyàn ń jáde. Títí di òní, iye tí wọ́n kà ní Ọ̀yọ́ lé díẹ̀ ní 10,000, ti Èkó sì lé ní 100,000. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì yìí nìkan yóò ní a gbọ́n jù wọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n Èkó kì í ṣe ìkejì Ìbàdàn. Pápákọ̀ òfurufú tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò òkèèrè ń gbà wọlé wà níbẹ̀, àrùn sì ti ibẹ̀ wọlé ṣáájú tiwa. Aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ará Ítálì tó gba Èkó wọlé, ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde. Ti Ọ̀yọ́, ó di ẹ̀yìn ogúnjọ́ oṣù Kẹta. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Èkó pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ohun kan tún wà tí àwa ará Ìbàdàn kì í fẹ́ gbọ́: títì tí wọ́n ti Èkó àti Ògùn pa dáàbò bo àwa náà. Nígbà tí ọkọ̀ kò lè gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bó ṣe wù ú, àrùn tí ì bá tọ ọ̀nà yẹn wá dín kù. Òfin aládùúgbò wa wà lára ohun tó ṣe wá lóore. Mo mọ̀ pé àwọn kan sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù oúnjẹ láti kọjá, ìdènà náà kò pé. Síbẹ̀, ẹni tó sá wọlé lóru kò lè pọ̀ tó àwọn tó máa ń wọkọ̀ lójúmọ́.

Àwọn ènìyàn tún máa ń yí ìwà padà láìsí òfin. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2020 ni ọ̀gá àgbà UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Ọtẹ́gbáyọ̀, kéde pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní àrùn náà. Lọ́jọ́ 30, gómìnà fúnra rẹ̀ kéde tirẹ̀. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ pé kí wọ́n tì ni wọ́n tì, àwọn ìyá àgbà ń sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má wá kí àwọn. Bí a bá fẹ́ wọn òfin aago 7, báwo la ṣe máa yọ ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀?

Nípa òfin aago 7 yẹn gan-an, èrò mi ni pé òun ló lágbára kéré jù nínú ohun tí a ṣe. Àwọn tó ń ko ara wọn ní àárín ọ̀sán ló ń ran ara wọn. Ọjà Bódìjà tí wọ́n máa ń ná títí di alẹ́ wá di ibi tí gbogbo ènìyàn fẹ́ ti tètè rà kí wọ́n lè tètè délé. Láàárín aago 3 sí aago 5, mo dúró ní ìdí àwọn alátà, n kò rí ibi tẹ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kò tó láti kó èèyàn lọ sí Mọ́kọ́lá àti Ìwó Road, wọ́n sì ń fún ara wọn mọ́ inú mícrà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n mú àkókò ọjà gùn ni, tí wọ́n pín àwọn olùtajà sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbà pé ì bá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ebi ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń ka ìyẹn mọ́ ọn?

Ó yẹ kí a kà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kà á. Ìwádìí orí fóònù tí NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ṣe nígbà náà rí i pé ìdá 42 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó lórí alágbàṣe tó jẹ́ pé owó àárọ̀ ló fi ń jẹun alẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí kò sí oúnjẹ. Yóò jáde, òfin yóò sì bàjẹ́. Nítorí náà oúnjẹ ìrànwọ́ wà lára òfin náà gan-an, ó sì yẹ kí a wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹrin 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá 1,800 àpò ìrẹsì padà fún àwọn aṣọ́bodè nítorí pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Nínú ìwọ̀n tèmi, ọjọ́ tí ìrẹsì yẹn padà lọ láìsí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí òfin dídúró sílé rọ̀.

Títì tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa ńkọ́?

Ó ra àkókò fún wa, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n tì í fún ọkọ̀ òfurufú òkèèrè, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àrùn ti wà nínú ilé. Tí ilẹ̀kùn bá ti pa lẹ́yìn tí olè wọlé, inú ilé ló yẹ kí a máa wá a kiri.

Ilé-ìwé?

Ó ṣòro jù láti wọ̀n. Ẹ wo àwọn yunifásítì: ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2020 kan náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò ní gbèdéke, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọdún kí wọ́n tó dá a dúró. Èwo ló mú kí ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ṣófo, kòrónà ni àbí ASUU? Ohun méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó lè ya wọ́n. Ti àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dùn mí ju ti yunifásítì lọ. Ìdá kékeré gan-an ni kòrónà ń pa nínú àwọn ọmọdé, àmọ́ àwọn ni wọ́n san gbèsè tó gùn jù. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé-ìwé ló yẹ kí ó kẹ́yìn nínú ohun tí a ó tì, kí ó sì ṣáájú nínú ohun tí a ó ṣí.

Wọ́n ní ìbòmú kò ṣe nǹkan kan.

Èyí ni ibi tí a ti ní ẹ̀rí gidi, torí pé àwọn kan ṣẹ́ gègé. Ní Bangladesh, láti ìparí 2020 wọ 2021, wọ́n mú 600 abúlé. Wọ́n pín ìbòmú, wọ́n sì ń gba àwọn ènìyàn níyànjú ní ìdajì wọn, wọn kò ṣe é ní ìdajì yòókù. Ní abúlé tí wọn kò ti ṣe é, ìdá 13 nínú 100 ló ń bo imú. Ní èyí tí wọ́n ti ṣe é, ó di 42. Àwọn tó ṣàìsàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi kòrónà hàn dín kù ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ní abúlé tí wọ́n ti pín irú ìbòmú tí àwọn dókítà ń lò, ó dín kù ní ìdá 35 nínú 100. Aláṣọ kò fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ hàn kedere.

Ẹ rántí pé ẹni tó ju ìdajì lọ ní abúlé wọ̀nyẹn ṣì ń rìn láìbo imú, síbẹ̀ ó ní ipa. Ní Ìbàdàn, àwọn aránṣọ wa fi àkúbẹ́ àǹkárá rán ìbòmú, mo sì bọlá fún wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bàbá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún lẹ fẹ́ dáàbò bò, kì í ṣe aláǹkárá ni mo máa sọ pé kí ẹ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni ìbòmú yín wà, tí ẹ bá rí ọlọ́pàá lẹ tó fà á sókè, kò sí ìwádìí tó lè gbà yín.

Nígbà Ebola a wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, a sì borí. Kí ló dé tí èyí kò rí bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ yẹn dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo ṣì máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Arìnrìn-àjò kan láti Liberia gbé e wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014. Dókítà Améyọ̀ Stella Adádévoh kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí tirẹ̀ dí i. Wọ́n tọpinpin 894 ènìyàn, wọ́n sì lọ kàn wọ́n nílé ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ ló kú. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ìyàtọ̀ wà nínú àrùn náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní Ebola kì í ran ẹlòmíràn kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀, ẹ lè mú un kí ó tó tàn án. Ti kòrónà, ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tó ń jó níbi òde, ti lè kó o ran odindi tábìlì kan. Nígbà tí mo bá pè é lórí fóònù, àwọn tó ràn náà ti ran àwọn mìíràn. Àwọn kan tún ń sẹ́ orúkọ nítorí ìtìjú. Obìnrin kan sọ fún mi pé, "Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn wá sí àdúgbò wa, wọn ò ní ra ọjà mi mọ́." Kì í ṣe pé ó burú, ó kàn ń dáàbò bo oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ènìyàn wà lójú kan. Ní oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n rí ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó ní in ní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ìbàdàn. Wọ́n tì í, wọ́n yẹ àwọn yòókù wò. Ibi iṣẹ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìtọ́jú arúgbó: níbẹ̀ ni mo máa fi àwọn olùpè sí bí ó bá tún dé.

Gómìnà sọ pé oyin àti òróró habatu-saúdá ló wo òun sàn. Ṣé irọ́ ni?

N kò ní pè é ní irọ́. Ó sọ ohun tó lò, ara rẹ̀ sì yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣòro rẹ̀ ni ìṣòro àgbo tí mo fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ ọkùnrin ọjọ́ orí rẹ̀ tó kó kòrónà ni ara wọn yá láìlo ohunkóhun. Ní oṣù Kẹta 2020 kan náà, àwọn kan gbé kólórókúìnì jẹ ní Èkó títí wọ́n fi di èrò ilé ìwòsàn, torí wọ́n gbọ́ pé ó ń wò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn. Oògùn tó bá kólórókúìnì tan, háídírọ́sì-kólórókúìnì, kò gba ẹnikẹ́ni là. Dexamethasone, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó ti wà tipẹ́, dín ikú kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ìmí. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe irú ìdánwò yẹn fún egbòogi wa náà, ní UCH wa níbí. A jẹ àwọn àgbà tó fi wọ́n sílẹ̀ fún wa ní gbèsè ìyẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́?

Kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ àti kí ètò abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ jẹ́ ohun méjì. Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí là, gègé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ètò wa ló yẹ kí a wọ̀n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó dé Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ba èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fi ta wá lọ́rẹ ti pẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ kéré. Ẹ má ka èyí tó wọ pápákọ̀. Ẹ ka apá àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó gbà á.

Ṣé òótọ́ ni pé oòrùn wa ló pa kòrónà?

Bí oòrùn bá ń pa á, ìdá 23 nínú 100 kì bá tí kó o ní Èkó. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ọmọdé ló pọ̀ nínú wa. Nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, bíi mẹ́ta péré ló ti pé ọdún 65, àwọn àgbà sì ni kòrónà ń pa jù.

Ikú tí wọ́n kéde ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,100. Ó kéré, ṣùgbọ́n n kò lè búra lé e. Ní gbogbo ayé, ikú tí wọ́n kéde fún 2020 àti 2021 jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 5.4. Nígbà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ka gbogbo ikú tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n rí nǹkan bí mílíọ̀nù 14.9. Orílẹ̀-èdè tó ń kọ orúkọ gbogbo òkú sílẹ̀ mọ iye tirẹ̀. Tiwa, wọ́n ní láti fi ìṣirò gbé e. Àwọn bàbá tó kú sílé ní Bẹẹrẹ àti Ìdí-Àrẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, tí wọ́n sin lọ́jọ́ kejì, kò sí ìwé kankan tó mẹ́nu kàn wọ́n. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Kò sí bí mo ṣe lè sọ fún yín bí òfin kan ṣe gba ẹ̀mí là tó, nígbà tí n kò mọ iye ẹ̀mí tó lọ.

Bí òmíràn bá dé lọ́la, kí ni ẹ fẹ́ kí Ìbàdàn ṣe yàtọ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn. Bí a bá ní òfin tuntun, ká má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà bí kò bá di dandan. Ká ṣẹ́ gègé: mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹ́ta tó kù lọ́sẹ̀ kẹta. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kan fi dúró, a ó sì mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí ká jáwọ́ ńbẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ní gbangba, ohun tí wọn yóò wò àti ọjọ́ tí wọn yóò wò ó.

Bàbá mi kú sílé lọ́dún tó kọjá. Ibo ni mo ti lè lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ kú àṣẹ̀hìndè bàbá. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì NPC, àjọ ètò ìkànìyàn, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti wáyé. Òfin ọdún 1992 ló sọ ọ́ di dandan, bí ẹ bá tiẹ̀ ti pẹ́. Ẹ mú ohun tó fi orúkọ wọn ní kíkún àti ọjọ́ orí wọn hàn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn bí wọ́n bá gba ìtọ́jú kankan kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó pa wọ́n, ẹ ṣàlàyé bí ó ṣe ṣe wọ́n àti iye ọjọ́ tí ó fi ṣe wọ́n. Ẹ má kàn sọ pé àgbà ni wọ́n.